Láti Ọ̀dọ̀ Wolé-wolé Dé Ọ̀dọ̀ NAFDAC: Òfin Ààbò Oúnjẹ àti Ìtàn Ògógóró ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, 1919–2024

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí òfin ààbò oúnjẹ ṣe bá ògógóró pàdé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti ìgbà ìjọba amúnisìn títí di òde òní. Ohun tí ó dì mú ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti fi ọ̀rọ̀ ògógóró lé ọlọ́pàá àti agbowó-ibodè lọ́wọ́, nígbà tí ó fi oúnjẹ yòókù lé wolé-wolé lọ́wọ́. Nítorí ìyapa yìí, ọtí náà kò di oúnjẹ lójú òfin, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ikú tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ọdún 2015 ni iṣẹ́ náà fi díwọ̀n ohun tí ìyapa yìí ná àwọn ènìyàn. Ó tún ṣàlàyé ohun tí òfin tó wà nílẹ̀ lónìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe oúnjẹ tà, àti ìdí tí ó fi ṣòro fún asètí inú àbàtà láti bá a pàdé.

Ìfáàrà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan tí kò ní orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí a máa fọ́ ẹni tí ó bá mú, ojú rẹ̀ a ṣú, a sì dákú. Àwọn kan kò lò ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní ogún. Àyẹ̀wò fi hàn níkẹyìn pé methanol tí ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu ni ó pa wọ́n.

Ìbéèrè tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbé kalẹ̀ fún onímọ̀ ìtàn ju ọ̀rọ̀ ẹni tí ó da májèlé sínú ọtí lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ ògógóró. Wọ́n ń tà á ní ọjà, wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, wọ́n fi ń wúre níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì fi ń rẹ egbò igi fún àgbo. Báwo ni irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ ṣe lè wà fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún láìsí ẹnì kan nínú ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ẹnu?

Simon Heap, Chima Korieh, Ayodeji Olukoju àti Dmitri van den Bersselaar wà lára àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí òwò ọtí líle ní Nàìjíríà. Owó tí ń wọlé fún ìjọba, òwò àwọn òyìnbó àti ipò ọtí láwùjọ ni ó hàn jù nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí gba ọ̀nà mìíràn: ó mú ògógóró gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, ó sì béèrè ibi tí òfin oúnjẹ wà ní gbogbo àkókò náà.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ìmọ̀ ìsètí

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárín igbó àti àbàtà tí ó lọ sí ọ̀nà òkun. Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti àwọn Ijaw ti Arogbo ni wọ́n jọ wà ní Ẹ̀kùn Òkìtìpupa. Ọ̀pẹ ń ṣe dáadáa nínú igbó ibẹ̀, ògùrọ̀ sì pọ̀ ní àbàtà. Láti inú igi méjèèjì yìí ni adẹ́mu ti ń rí ohun tí asètí ń lò.

Ìsètí fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Asètí yóò jẹ́ kí ẹmu kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, yóò dà á sínú dúrọ́ọ̀mù irin, yóò dí i pa, yóò sì dáná sí i nídìí. Oru tí ó bá jáde yóò gba inú páìpù tí a rì sínú omi tútù kọjá, yóò sì di ọtí tí ń kán tó-tó-tó sínú ohun tí a fi gbè é. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni ó máa ń le jù. Láti mọ bí ọtí ṣe le tó, asètí lè mi ìgò kí ó wo ìfóòfóò rẹ̀, ó sì lè ta díẹ̀ sílẹ̀ kí ó ṣáná sí i. Ẹni tí ń tà á náà a sì tọ́ ọ wò lójú oníbàárà, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú níbẹ̀.

Ọgbọ́n ààbò oúnjẹ ni àwọn ìdánwò wọ̀nyí, bí a tilẹ̀ ń rò pé NAFDAC ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa nírú rẹ̀. Púpurú, oúnjẹ tí a fi mọ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jù lọ, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ní májèlé sáyánáìdì nínú. Ṣùgbọ́n rírẹ ẹ̀gẹ́ náà sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, fífún omi rẹ̀ dànù, mímọ ọ́n ní róbótó àti yíyan án lórí èéfín a máa dín májèlé náà kù gidigidi. Ìlànà tí ń dáàbò bo ẹni tí ń jẹ ẹ́ wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an.

Ti ògógóró kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí methanol bá dé. Methanol ń jó bí ethanol, tí í ṣe ọtí gan-an, ṣe ń jó. Ìdánwò iná ń sọ bí ọtí ṣe le tó, kò lè sọ irú ọtí tí ó jẹ́. Òórùn àti adùn wọn jọra. Lékè gbogbo rẹ̀, methanol kì í ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún kí ara tó sọ ọ́ di ásíìdì tí ń ba iṣan ojú jẹ́ tí ó sì ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó tọ́ ọ wò lójú oníbàárà yóò ṣì máa rẹ́rìn-ín nígbà tí oníbàárà bá sanwó lọ. Nítorí náà, kò sí ọgbọ́n ìbílẹ̀ kan tí ó lè mú un. Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè mú un, ọwọ́ ìjọba ni ilé àyẹ̀wò sì wà.

Ọ̀nà méjì tí òfin là

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, jíìnì àti àwọn ọtí líle mìíràn láti Holland àti Jámánì ni àwọn oníṣòwò ń kó wọ etí òkun wa. Owó-ibodè orí wọn jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ń wọlé fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1919, àwọn ìjọba òyìnbó tí wọ́n ní ilẹ̀ àkóso ní Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé. Àdéhùn náà de ọtí olówó pọ́ọ́kú, ó sì de sísè ọtí líle ní àwọn ilẹ̀ tí ó kàn, Nàìjíríà sì wà lára wọn.

Nígbà tí iye owó epo pupa àti ekùrọ́ já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tí owó-ibodè sì ti sọ jíìnì òyìnbó di ọ̀wọ́n, ìsètí tàn ká gúúsù Nàìjíríà. Ẹni tí kò rí jíìnì rà lè rí ògógóró rà. Ẹni tí epo rẹ̀ kò rówó mọ́ lè sọ ẹmu rẹ̀ di ọtí. Bákan náà ni ó rí ní àwọn ilẹ̀ tó múlé gbè wá. Ní Dahomey, tí í ṣe Benin òní, wọ́n ń pè é ní sodabi. Ní Gold Coast, wọ́n ń pè é ní akpeteshie, orúkọ tí ó tọ́ka sí fífara pamọ́ ní èdè Ga. Orúkọ yìí sọ ohun tí òfin sọ òwò náà dà.

Àwọn aláṣẹ amúnisìn sọ pé ọtí náà jẹ́ májèlé, pé òjé àti bàbà ara páìpù lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ìlera bá jẹ́ ìdí rẹ̀ ní tòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni à bá rán sí asètí. Ọlọ́pàá ni wọ́n rán. Wọ́n fọ́ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n gbé ènìyàn lọ sí kóòtù, wọ́n bu owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n fún wọn.

Ní àkókò kan náà, oúnjẹ yòókù ń gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ìlera gbogbogbòò ti ọdún 1917 fún ìjọba lágbára láti yan àwọn tí yóò máa wo ìmọ́tótó ilé àti ọjà. Àwọn ni àwọn Yorùbá ń pè ní wolé-wolé. Wolé-wolé ń wo ìkòkò omi bóyá ẹ̀fọn ti yé sínú rẹ̀, ó ń wo ẹran lórí àtẹ alápatà, ó sì ń da oúnjẹ tó ti bàjẹ́ nù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ fi nǹkan kan múlẹ̀: oúnjẹ tí à ń tà ní gbangba ní ẹni tí ń wò ó.

Ìyapa yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà. Ẹja yíyan àti púpurú lọ sí ọ̀dọ̀ wolé-wolé; ògógóró lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọtí wà nílé yìí. Irú ọtí tí ó jẹ́, bóyá ó dára tàbí kò dára, kò kan ẹjọ́ rẹ̀. Asètí náà kọ́ bí a ṣe ń sá, ó sì wọ inú àbàtà lọ, níbi tí ojú kankan kò ti lè tó o.

Òfin lẹ́yìn òmìnira

Lẹ́yìn òmìnira, òfin oúnjẹ Nàìjíríà gbòòrò sí i. Ní ọdún 1971 ni wọ́n dá àjọ tí ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún ọjà sílẹ̀, èyí tí ó di SON. Ní 1974, ìjọba ológun gbé òfin oúnjẹ àti oògùn jáde. Ní 1993 ni òfin 15 fìdí NAFDAC múlẹ̀, tí òfin 19 ọdún kan náà sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe oúnjẹ alábala, kó o wọlé, polówó rẹ̀ tàbí tà á bí kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjìyà tí òfin náà gbé kalẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 tún pín iṣẹ́ náà. Ó fi òṣùwọ̀n ọjà sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó sì ka ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ibi gbogbo tí a ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú, àti fífún àwọn tí ń ta ọtí ní ìwé àṣẹ, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lójú ìwé, kò sí àyè tí ó ṣófo. Àmọ́ ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà ògógóró láti àbàtà dé ọjà yóò rí àyè náà. NAFDAC ń tọ ìwé tí ó wà lára ìgò: orúkọ ilé-iṣẹ́, àdírẹ́sì, nọ́ńbà. Ìjọba ìbílẹ̀ ń tọ ìsọ̀ tí a ti ń tà á. Inú kẹ́ẹ̀gì ni ògógóró ń gbà rìnrìn-àjò, láìní ìwé kankan lára. Alágbàtà ra ti asètí mẹ́ta, ó pò wọ́n pọ̀, ó bù wọ́n fún olóní-páràgà. Nígbà tí ọtí náà yóò fi dé inú ife, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọwọ́ tí ó ti wá. Òfin àwọn aṣọ́bodè, tí ó ti wà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira títí wọ́n fi fagi lé e ní 2023, béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ sè ọtí líle, ṣùgbọ́n òfin owó ni, kì í ṣe òfin ìlera. Ọ̀nà méjì ọjọ́sí ṣì wà bí ó ṣe wà.

Òde-Ìrèlè, 2015

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè fi hàn bí ó ti jìnnà tó kí ojú ìjọba tó dé inú ife ọtí. Àlàyé mẹ́rin ni ó jáde tẹ̀léra wọn. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí ìwé ìròyìn gbé jáde láti ẹnu àwọn kan nínú ìlú, pé àwọn kan ti rú òfin ojúbọ Malòkun, òòṣà tí a mọ̀ mọ́ Ìrèlè. Èkejì ni ìbẹ̀rù Ebola, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2014 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn náà. Ẹ̀kẹta ni èrò tí àjọ náà kọ́kọ́ gbé jáde pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko. Ẹ̀kẹrin ni methanol, tí àyẹ̀wò ní Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Yunifásítì Èkó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kò yẹ kí a fi àlàyé àkọ́kọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jókòó ni ó ń kú, lójijì, láìsí ibà, ojú wọn a sì kọ́kọ́ fọ́. Ẹni tí kò mọ methanol, kí ni yóò rò? Ohun tí ó yẹ kí ó jọni lójú ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ wo ọtí. Ebola àti oògùn oko ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn onímọ̀, nítorí pé ètò wà nílẹ̀ fún ṣíṣọ́ àwọn méjèèjì. Kò sí ètò kankan tí ń ṣọ́ ògógóró. Bẹ́ẹ̀, àkókò ṣe kókó: methanol ní ìtọ́jú tí ó lè gba ẹ̀mí là bí dókítà bá tètè mọ̀ pé òun ni, yálà nípa fífún aláìsàn ní ethanol ní òṣùwọ̀n, tàbí oògùn fomepizole, tàbí fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀.

Ìwọ̀nba methanol tí ẹmu ń mú jáde fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ó bá pọ̀ débi tí àwùjọ ènìyàn fi ń kú, ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń fura sí ni pé ẹnì kan ti bu methanol ilé-iṣẹ́ mọ́ ọtí lójú ọ̀nà ọjà. Láàárín asètí àti oníbàárà ni ewu yìí ń gbé, ní ibi tí ìwé kankan kò sí.

Ìfòfindè àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ọdún náà, irú ikú kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti de ṣíṣe àti títa ògógóró. Ọ̀nà 1919 ni wọ́n tún gbà. Ògógóró kò kúrò lọ́jà. Ohun tí ó kúrò ni ìdí tí asètí olóòótọ́ lè ní láti gbé ọtí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Kì í ṣe pé kí ìjọba de ọtí ní ìgbà àjálù ni ó burú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, nígbà tí methanol pa ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n ní orílẹ̀-èdè Czech, ìjọba wọn de títa ọtí líle jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣí i, pẹ̀lú àṣẹ pé ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ń sọ ibi tí ọtí inú rẹ̀ ti wá. Ghana náà, lẹ́yìn òmìnira rẹ̀, sọ akpeteshie di òwò tí ó ní ìwé àṣẹ. Ìfòfindè tí kò bí ìwé ni kò ní èso.

Ìtàn ọtí inú ọ̀rá fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn. Ní ọdún 2018, ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aṣe-ọtí jọ jókòó, wọ́n jọ fọwọ́ sí àdéhùn pé wọn yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2024. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òfin mú un ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọtí jáde láti fẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ wọn sì dé etí ìjọba. Ọdún márùn-ún ni àwọn tí wọ́n ní nọ́ńbà rí gbà. Àwọn asètí àbàtà kò sí níbi ìjókòó kankan ní ọdún 2015.

Ohun tí òfin ń béèrè lónìí

Kí asètí kan ní Ìkálẹ̀ tó lè fi ẹsẹ̀ òfin rìn lónìí, ó ní láti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kí ó ní ibi ìsètí tí ó yàtọ̀ sí ilé gbígbé, kí ó ní omi tó mọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìlera, kí ó gbé àpẹẹrẹ ọtí rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò NAFDAC, kí ó sì kọ orúkọ, àdírẹ́sì, èròjà, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìpín àti ọjọ́ tí a ṣe é sára ìgò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò nídìí. Nọ́ńbà ìpín, fún àpẹẹrẹ, ni ó ń jẹ́ kí a lè kó ìgò ọgọ́rùn-ún tí ó léwu padà láìfọwọ́ kan ẹgbẹ̀rún tí kò ṣe nǹkan kan. Ká ní irú rẹ̀ wà lára kẹ́ẹ̀gì tí ó wọ Òde-Ìrèlè, ẹni kejì tàbí ẹni kẹta ì bá má kú.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ìlànà wọ̀nyí. Ẹni tí ó ní dúrọ́ọ̀mù kan lábẹ́ àtíbàbà kò lè dá gbé wọn. Púpurú ti fi ọ̀nà kan hàn. Èyí tí wọ́n ń tà ní róbótó lọ́jà wà lábẹ́ ojú ìjọba ìbílẹ̀; èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ lára ń lọ sí ọ̀dọ̀ NAFDAC. Oúnjẹ kan náà ní àtẹ̀gùn méjì, aláṣe sì lè gun èkejì nígbà tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ògógóró kò ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ rí.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òwe náà mọ ohun tí òfin Nàìjíríà gbàgbé nípa ògógóró: ohunkóhun tí ó bá gba ọ̀fun kọjá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ìbáà ní nọ́ńbà, ìbáà má ní. Láti 1919 dé 2015, ìbéèrè tí ìjọba ń bi asètí ni bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti sè é. Ìbéèrè ohun tí ó sè kò jáde títí ènìyàn tí ó lé ní ogún fi kú.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni ó sún mọ́ ìdáhùn jù. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè bá lo agbára tí Ìwé Òfin 1999 fún wọn lórí títa ọtí, tí wọ́n kọ orúkọ asètí àti alágbàtà sílẹ̀, tí wọ́n fi nọ́ńbà sára kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n sì ń mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò methanol láti ìgbà dé ìgbà láìfi ẹ̀wọ̀n halẹ̀, ọtí náà yóò kọ́kọ́ di oúnjẹ lójú òfin. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè sọ pé òfin ààbò oúnjẹ ti dé àbàtà Ìkálẹ̀.